Bọ́ọ̀lù gbé Chioma dé China, fífò ló gbé e dé ìdí wúrà

Bí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Sátidé, bá ti mọ́ ní Àjégúnlẹ̀, kò sẹ́ni tó ń béèrè ibi táwọn ọmọ wà. Pápá Maracana ni wọ́n wà. Àwọn kan wọ bàtà, àwọn kan ò wọ̀, àwọn mí-ìn sì wà tó jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n wọ bàtà sí, nítorí ọ̀rẹ́ wọn ló wọ ìkejì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbá a, tí eruku ń sọ lálá. Láyé àtijọ́, ọkùnrin ló ni gbogbo ariwo yẹn. Ní báyìí, àwọn ọmọbìnrin náà ti wọ̀ ọ́, wọn ò sì fojú kékeré wò ó rárá.

Àwọn ọmọbìnrin yìí gan-an ló ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn òbí. Ká sọ pé bàbá kan wà tó ń wa tírélà ní Tin Can, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin mọ bọ́ọ̀lù í gbá, tó sì tún lè sáré bí ẹtu. Tíṣà eré ìdárayá nílé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní kó wá máa sáré, kó máa fò. Inú bàbá ò dùn sí i. Á wá kóòṣì tó ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù lọ sí pápá, á ní: “Kóòṣì, ẹ bá mi kìlọ̀ fún tíṣà yẹn o. Bọ́ọ̀lù nìkan ni kí Ṣadé kọjú mọ́. Ẹ ò rí owó tí wọ́n kó fún àwọn Falcons ni?” Kóòṣì á rẹ́rìn-ín, á ní: “Bàbá Ṣadé, ẹ ṣe sùúrù, sà. Ọ̀nà kan ò wọjà. Ẹ jẹ́ kó máa ṣe méjèèjì ná.” Bàbá á ní kóòṣì náà ò mọ ohun tó ń sọ.

Ká má purọ́, bàbá náà ní ohun tó rí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Keje, ọdún 2025, àwọn Super Falcons na Morocco ní 3-2 nílùú Rabat, wọ́n sì gba ife Áfíríkà lẹ́ẹ̀kẹwàá. Nígbà tí wọ́n délé, ìjọba àpapọ̀ kéde owó náírà tó tó ọ̀kẹ́ márùn-ún dọ́là, ìyẹn 100,000, fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ilé oníyàrá mẹ́ta. Òbí wo ni yóò gbọ́ irú ẹ̀ tí kò ní í sáré lọ ra bàtà bọ́ọ̀lù fọ́mọ ẹ̀?

Bọ́ọ̀lù sì ni wọ́n mọ̀ jù lágbègbè yẹn láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà máa kọ́kọ́ lọ sílùú òyìnbó lọ́dún 1949, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n wọ̀ láti Èkó lọ sí Liverpool, orúkọ ọkọ̀ náà sì ni Apapa. Ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi gbá bọ́ọ̀lù lọ́hùn-ún, Tesilimi Balógun tí wọ́n ń pè ní Thunder sì wà lára wọn. Ìdíje tí wọ́n kọ́kọ́ gbá, 5-2 ni wọ́n fi na ẹgbẹ́ Marine ti Crosby. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ dárúkọ ọmọ Àjégúnlẹ̀ tí bọ́ọ̀lù sọ dèèyàn ńlá kò ní í wá orúkọ tì. Samson Siasia ń bẹ níbẹ̀, Odion Ighalo náà ń bẹ níbẹ̀. Àdúgbò tí wọ́n pe orúkọ ẹ̀ ní ibi tí ajé gúnlẹ̀ sí, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ni ajé ń gbà wọlé, kò yẹ kó yani lẹ́nu pé bọ́ọ̀lù ni wọ́n gbójú lé.

Ṣùgbọ́n ìtàn obìnrin kan wà tó yẹ kí gbogbo bàbá Ṣadé gbọ́ kí wọ́n tó so ọmọ mọ́ òpó kan. Chioma Ajunwa lorúkọ ẹ̀. Ọmọ Mbaise ni, ní ìpínlẹ̀ Imo. Ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1970 ni wọ́n bí i. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ló ń ṣe. Ó ń gbá bọ́ọ̀lù, ó ń sá eré kúkúrú, ó sì tún ń fo long jump, ìyẹn fífò jìnnà tí wọ́n ń fò sínú yanrìn. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo ẹ̀ o.

Lọ́dún 1991, ó ti di ìlú mọ̀-ọ́n-ká nínú fífò nílẹ̀ Áfíríkà. Ọdún yẹn kan náà ni àjọ FIFA gbé ife àgbáyé àwọn obìnrin kalẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ní agbègbè Guangdong lórílẹ̀-èdè China. Nàìjíríà nìkan ló ṣojú ilẹ̀ Áfíríkà, Chioma sì wà lára àwọn tí wọ́n mú lọ. Òyìnbó ará Holland kan, Jo Bonfrere, ló kó wọn lọ. Ẹ fi orúkọ ọkùnrin yìí sọ́kàn, nítorí ó ṣì ń padà bọ̀ nínú ìtàn yìí.

Ká sọ òótọ́, ojú wọn rí màbo ní China. Ogórin ìṣẹ́jú ni wọ́n ń gbá nígbà náà, kì í ṣe àádọ́rùn-ún, síbẹ̀ ìṣẹ́jú ọ̀hún pọ̀ lójú wọn. Jámánì na wọ́n ní 4-0, Italy na wọ́n ní 1-0, Chinese Taipei náà tún na wọ́n ní 2-0. Wọn ò jẹ gọ́ọ̀lù kan ṣoṣo kí wọ́n tó padà wálé. Kò sẹ́ni tó pe ilé oníyàrá mẹ́ta fún wọn. Àwọn ará ilé mí-ìn ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n lọ.

Chioma padà sídìí eré sísá àti fífò. Ìdíje Olympics ti Barcelona ń bọ̀ lọ́dún 1992, gbogbo èèyàn ló sì mọ̀ pé ọmọ náà gbóná. Àfi bí ọ̀ràn ṣe dé. Wọ́n ṣàyẹ̀wò fún un lọ́dún náà, wọ́n ní àwọn rí oògùn tí wọ́n kà léèwọ̀ lára ẹ̀. Obìnrin náà figbe ta, ó ní òun ò mọwọ́ òun òun ò mọsẹ̀ òun. Títí di òní, ohun tó ń sọ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin gbáko ni wọ́n dá fún un. Barcelona bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Níbẹ̀ ni Mary Onyali àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ti gba idẹ nínú eré 4x100, tí Chioma jókòó sílé tó ń gbọ́ ìròyìn ẹ̀.

Ọdún mẹ́rin lójú ẹni tó ń fẹsẹ̀ jẹun, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Oníṣòwò tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ pa fọ́dún mẹ́rin, nígbà tó bá padà dé, ọjà inú ẹ̀ ṣì lè wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ èèyàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bọ́dún bá ti ń gorí ọdún ló ń wúwo sí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé ọ̀rọ̀ Chioma ti tán nìyẹn.

Kì í ṣe òun nìkan nirú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí láyé. Ẹ wo Jim Thorpe, ọmọ àwọn Íńdíà ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1912, ní ìlú Stockholm, ó gba wúrà méjì nínú Olympics, nínú eré márùn-ún tí wọ́n ń ṣe pọ̀ àti eré mẹ́wàá tí wọ́n ń ṣe pọ̀. Òun kan náà ló tún ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà àti baseball. Baseball yìí ló sì kó bá a. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní ó ti gba owó táṣẹ́rẹ́ kan nídìí ẹ̀ kó tó lọ sí Stockholm, wọ́n sì gba wúrà méjèèjì lọ́wọ́ ẹ̀. Ọ̀kan di ti Ferdinand Bie, ọmọ ilẹ̀ Norway tó ṣe ipò kejì nínú eré márùn-ún. Thorpe kú lọ́dún 1953, kò rí i gbà padà. Ìgbà tó di ọdún 1982 ni wọ́n tó gbà pé wúrà tọ́ sí i, wọ́n sì ka òun àti àwọn tó ṣe ipò kejì pọ̀ mọ́ra. Ìgbà tó di ọdún 2022 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé òun nìkan ló borí, tí àwọn ará Norway náà sì fọwọ́ sí i. Àádọ́fà ọdún ni ọ̀rọ̀ náà gbà. Bí èèyàn bá wo ti Thorpe, a jẹ́ pé ọdún mẹ́rin Chioma ṣì láàánú díẹ̀ nínú.

Àwọn àgbà ló sọ pé àgbò tó bá tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá. Ọ̀rọ̀ long jump gan-an sì nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ fò yóò kọ́kọ́ fà sẹ́yìn, yóò wá ki eré mọ́lẹ̀ láti òkèèrè, yóò fi ẹsẹ̀ kan tẹ pákó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, yóò gbéra, yóò sì balẹ̀ sínú yanrìn. Bí ọmọ ìka ẹsẹ̀ bá kọjá pákó, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, wọn ò ní í kà á. Bó bá sì balẹ̀ tán tó fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn, ibi tí ọwọ́ dé ni wọ́n máa wọ̀n. Nínú àṣekágbá nígbà náà lọ́hùn-ún, gbogbo wọn máa ń fò lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn mẹ́jọ tó bá ṣe dáadáa jù á tún fò lẹ́ẹ̀mẹta sí i.

Ọdún 1996 ni ìyà Chioma parí, ọdún tí Olympics fẹ́ wáyé ní Atlanta. Ó débẹ̀ lọ́mọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Lọ́jọ́ kejì oṣù Kẹjọ, ọjọ́ Ẹtì, Fúráìdé, ó dúró níbi tí wọ́n ti ń sáré bọ̀. Àwọn tó ń bá a dù ú kì í ṣe ẹran rírọ̀. Fiona May wà níbẹ̀, ọmọ tí wọ́n bí ní Slough nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí bàbá àti ìyá ẹ̀ jẹ́ ará Jamaica, tó fẹ́ ará Italy tó sì ti ń fò fún ilẹ̀ ọkọ ẹ̀. Òun ni wọ́n dé ládé àgbáyé lọ́dún tó ṣáájú. Jackie Joyner-Kersee, ọ̀gá àwọn ọ̀gá láti Amẹ́ríkà, náà wà níbẹ̀.

Chioma kò jẹ́ kó pẹ́ rárá. Ìgbà àkọ́kọ́ tó fò, 7.12 mítà ló balẹ̀ sí. Ẹni tí kò bá mọ bí ìyẹn ṣe gùn tó, kó wo danfo Volkswagen kan àtààbọ̀ tí wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn. Ibi tí Chioma balẹ̀ sí kọjá ìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í lé e. Wọ́n fò, wọ́n fò, wọn ò bá a. Fiona May fò dé 7.02 mítà. Joyner-Kersee tí iṣan ẹsẹ̀ ti ń dà láàmú fi gbogbo agbára tó kù lára ẹ̀ fò nígbà kẹfà, ó dé 7.00 mítà, ó sì gba idẹ. Wúrà di ti ọlọ́pàá Nàìjíríà.

Joyner-Kersee yìí náà, eré kan kọ́ ló ń ṣe o. Ọmọ East St. Louis ni, ìlú tí ìṣẹ́ ti bá fínra, tí ẹni tó bá mọ Àjégúnlẹ̀ kò ní í ṣàjèjì níbẹ̀. Ó gba basketball ní Yunifásítì UCLA, ó sì jẹ́ ẹni tó ní àmì tó ga jù láyé nínú eré méje tí àwọn obìnrin ń ṣe pọ̀, 7,291, láti ọdún 1988. Kí ọdún 1996 tó parí, ó tún ti wọ ẹgbẹ́ basketball tó ń gbowó. A jẹ́ pé obìnrin tó gba wúrà àti obìnrin tó gba idẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sí èyí tí wọ́n ti mọ́ ojú ọ̀nà kan nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe Chioma lobìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ní ẹ̀bùn púpọ̀. Lọ́dún 1974, nígbà ìdíje Kọmọnwẹ́ẹ̀tì ní Christchurch, Módúpẹ́ Oṣìkọ̀yà gba wúrà nínú long jump, ó gba fàdákà nínú eré tí wọ́n ń fo igi, ó tún gba idẹ nínú eré márùn-ún.

Àtọdún 1952 ni Nàìjíríà ti ń lọ sí Olympics. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni wọ́n fi lọ tí wọ́n fi bọ̀ láìrí wúrà kankan, obìnrin tí wọ́n ti ní ọ̀rọ̀ ẹ̀ tán ló wá mú àkọ́kọ́ wálé. Òun náà sì ni obìnrin adúláwọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba wúrà Olympics nínú àwọn eré fífò àti jíju nǹkan. Kò tún fi mọ síbẹ̀, ó bá wọn sá 4x100, wọ́n sì ṣe ipò karùn-ún.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá dùn tó sì tún dunni nìyí. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó di ọjọ́ Àbámẹ́ta, Sátidé, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹjọ. Ọjọ́ yẹn ni Dream Team na Argentina ní 3-2, tí àwọn náà gba wúrà. Ta ni kóòṣì wọn? Jo Bonfrere ni, òyìnbó tó kó Chioma lọ sí China. Ta ló jẹ gọ́ọ̀lù kẹta nígbà tí ìdíje ti fẹ́ẹ́ parí? Emmanuel Amuneke ni. Ọjọ́ wo ni wọ́n bí Amuneke? Ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1970, ọjọ́ tí wọ́n bí Chioma gan-an, àwọn méjèèjì sì jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ Imo. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n dáyé, ọjọ́ kan péré ló sì wà láàárín wúrà wọn.

Ṣùgbọ́n ariwo tó sọ fún ọ̀kan kọ́ ló sọ fún èkejì. Bọ́ọ̀lù lọba. Ìlù bọ́ọ̀lù bo ìlù fífò mọ́lẹ̀, kò sì tíì kúrò lórí ẹ̀ dòní. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò, kó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta ayò ní Àjégúnlẹ̀, kó béèrè pé ta ló kọ́kọ́ gba wúrà Olympics fún Nàìjíríà. Afàìmọ̀ ni wọn ò ní í dárúkọ Kanu.

Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí obìnrin náà ṣe ò kéré. 7.12 mítà yẹn wà lókè Áfíríkà fọ́dún mẹ́rìnlélógún ó lé, títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2021, tí ọmọ Nàìjíríà mí-ìn, Ese Brume, fò dé 7.17 mítà. Lọ́dún 1997, Chioma tún gba fàdákà nínú ìdíje àgbáyé ti abẹ́ òrùlé ní Paris, Fiona May ló gbẹ̀san lára ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wúrà mẹ́ta péré ni Nàìjíríà tíì gbà nínú Olympics títí kan ti Paris lọ́dún 2024: ti Chioma, ti Dream Team, àti ti àwọn ọkùnrin tó sá 4x400 ní Sydney lọ́dún 2000, èyí tó padà di tiwọn nígbà tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti Chioma nìkan ni èèyàn kan ṣoṣo dá gbà.

Ó yá, ẹ jẹ́ kọ́rọ̀ padà sí Àjégúnlẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti jókòó ti Chioma lọ́dún 1991 pé bọ́ọ̀lù ló gbé e wọ bàálù lọ sí China, nítorí náà kó jáwọ́ nínú ìranù yanrìn, orúkọ ẹ̀ ì bá wà nínú ìwé àwọn tó lọ tí wọn ò jẹ gọ́ọ̀lù, kó sì parí síbẹ̀. Bí ẹlòmí-ìn bá sì ti sọ fún un lọ́dún 1992 pé wọ́n ti bà á jẹ́, kó má wulẹ̀ yọ ara ẹ̀ lẹ́nu mọ́, ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ oògùn yẹn làwọn èèyàn ì bá máa rántí nípa ẹ̀. Ohun tó gbà á sílẹ̀ ni pé kò jẹ́ kí wọ́n bá òun yan ọ̀nà, kò sì jẹ́ kí ọ̀nà tí wọ́n dí di òpin ìrìn àjò.

Owó Falcons dára o, kò sẹ́ni tó ní kò dára. Ṣùgbọ́n mélòó ni wọ́n ń mú nínú àwọn ọmọ tó ń gbá a? Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí ẹsẹ̀ ẹ̀ yá, kò tíì sẹ́ni tó mọ ibi tí ẹsẹ̀ náà ń gbé e lọ, bàbá ò mọ̀ ọ́n, tíṣà ò mọ̀ ọ́n, kóòṣì náà ò mọ̀ ọ́n. Kí bàbá Ṣadé ra bàtà bọ́ọ̀lù fún un. Ṣùgbọ́n bó bá di ọjọ́ tí tíṣà ní kó wá fò, kó má tìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Ọmọ tó ń fo gọ́tà Àjégúnlẹ̀ láti kékeré, ta ló mọ ibi tó máa balẹ̀ sí?